Ẹ̀rọ Èéfín Déọlá

Ọjọ́ tí Déọlá ra ẹ̀rọ èéfín, èyí tó ń ké bí èéfín bá ti wọlé, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nínú ọgbà wọn ní Àjídò. Ó fi han Ganiyat tó ń ta aṣọ, ó fi han Rewájú tó ń gbé yàrá iwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi han àwọn adìyẹ. "Ẹ̀rọ yìí gbọ́n ju gbogbo wa lọ," ló ń wí.

Kì í ṣe fáàrí lásán o. Ilé tí òun àti Dàmọ́lá ọkọ rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Ìjànikin ló jóná. Wáyà ló fà á. Aṣọ ọrùn wọn ni wọ́n mú jáde, àti oyún tó wà nínú Déọlá. Wọ́n kó wá sí Àjídò, ó bí Tiwalolúwa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù iná kò kúrò lára rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣáná lásán, àyà rẹ̀ á já.

Nítorí náà, kò fi yíyan ẹ̀rọ náà ṣeré. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló fi ń wá a lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kà á pé oríṣi kan ń mọ èéfín, òmíràn ń mọ ooru. Ti èéfín ló yẹ yàrá àti pálọ̀. Ti ooru ló yẹ kíṣìnì, nítorí pé níbi tí wọ́n bá ti ń se oúnjẹ, èéfín kì í ṣe àlejò. Ó kà á, ó sì yé e yékéyéké. Ṣùgbọ́n ti ooru kò lẹ́wà, kò sì mọ̀ ju kó ké lọ. Ti èéfín funfun nini, ó ń fọhùn bí obìnrin tó kàwé, á sì tún ké lórí fóònù tìyàwó tọkọ níbikíbi tí wọ́n bá wà. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ló rà. Kíṣìnì ló sì gbé e kọ́ sí, torí pé kíṣìnì ló ń bà á lẹ́rù jù.

Lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ fèrèsé kíṣìnì yẹn gan-an, ni Màmá Zinsu ní ààrò. Ìyá Ègùn ni, òun ló ni ilé náà, ààrò amọ̀ tó fi ń yan ẹja ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́sàn-án, bí àwọn apẹja bá ti gúnlẹ̀, á fi èèpo àgbọn dáná, á to ẹja lé e. Àsìkò yẹn náà ni Déọlá máa ń ti ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà dé, tí á gbé ìkòkò kaná. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé èéfín wà ní kíṣìnì. Dàmọ́lá á pè láti ibi iṣẹ́, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n: "Déọlá, ọmọ ńkọ́?" Déọlá á yọjú lójú fèrèsé, á rí èéfín Màmá Zinsu. Kò wá ọ̀daràn jìnnà rárá.

Níbi ìpàdé ayálégbé, ó dìde.

"Ẹ má bínú o, Màmá. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n iná ti jó mi nílé rí. Ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ rẹ̀ ló ń sọ pé èéfín yín ń wọlé tọ̀ wá. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ọmọ wà nínú ọgbà yìí!"

Ó sọ ọ́ ketekete, bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Rewájú ní òótọ́ ni, ẹ̀rọ ò ní irọ́ í pa. Ganiyat mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹja ìyá yìí kan náà ni wọ́n ti ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá o! Màmá Zinsu wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé rẹ̀ ni, ó lè ní kí Déọlá kó ẹrù rẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Torí ọmọ lẹ ṣe wí," ló ní. "Mo gbọ́."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ́, ó wó ààrò náà.

Kò pẹ́ sígbà náà, Déọlá da epo pupa sínú ìkòkò pé kó gbóná kí òun tó da àlùbọ́sà sí i. Ẹ̀rọ ké. Ó sáré dé ojú fèrèsé pẹ̀lú ìbínú. Amọ̀ fífọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, adìyẹ kan ń fẹsẹ̀ tú u kiri. Ó yíjú padà. Èéfín ń ti inú ìkòkò òun fúnra rẹ̀ jáde, ó ń gòkè lọ bá ẹ̀rọ náà tààrà.

Ojú tì í débi pé ó jókòó sílẹ̀. Ohun tó ti kà, tó sì yé e! Ó yẹ kó jáde lọ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dojú kọ ìyá tó wó ààrò nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu òun? Ó mú ọ̀rá, ó fi dí ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Nígbà tí ẹ̀rọ kò ké mọ́, Dàmọ́lá ní, "Ṣó o rí i? Àṣé èéfín ìyá yẹn náà ni." Déọlá bu oúnjẹ sí abọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, Màmá Zinsu ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tópò, níbi tí àbúrò rẹ̀ ti fún un ní igun kan nídìí ààrò tirẹ̀. Kó tó lọ láràárọ̀, Déọlá á kúnlẹ̀ kí i. Màmá á pè é ní ovi ṣie, èyí tí í ṣe ọmọ mi lédè Ègùn, á sì béèrè bóyá Tiwa sùn dáadáa. Nígbà mìíràn á mú ẹja bọ̀ fún ọmọ náà. Déọlá á gbà á, á dúpẹ́, kò sì ní fẹnu ara rẹ̀ kàn án.

Ní Sátidé kan, Dàmọ́lá rí ọ̀rá yẹn. Ó rò pé èyí tí wọ́n fi di ẹ̀rọ wá láti ilé ìtajà ni, ó fà á ya, ó bá tirẹ̀ lọ. Déọlá kò mọ̀. Ó gbé epo kaná, ó fi Tiwa sílẹ̀ níbi tó sùn sí, ó jáde lọ sá aṣọ. Àfi igbe ẹ̀rọ!

Kó tó débẹ̀, Màmá Zinsu, tí kò tíì lọ sí Tópò lọ́jọ́ náà, ti dé. Ó ti fi àpò tútù bo ara, ó ti gbé Tiwa mọ́ àyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ń wo ìkòkò tó wà lórí gáàsì, ó ń wo ẹ̀rọ tó ń pariwo lókè. Kò sí iná níbì kankan.

Déọlá pa gáàsì.

"Èéfín ta nìyí, Ìyá Tiwa?"

"Èéfín mi ni, Màmá."

"Ti òní nìkan?"

Ì bá purọ́. Irọ́ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Láti ìgbà tí ẹ ti wó ààrò ni mo ti mọ̀."

Màmá Zinsu rọra ń mi Tiwa lọ́wọ́ rẹ̀.

"O mọ̀," ló wí nígbẹ̀yìn, "o sì ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀."

Ìyẹn dun Déọlá ju èébú lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, pé kí Màmá dárí ji òun, pé òun àti Dàmọ́lá á mọ ààrò tuntun. Màmá Zinsu gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

"Ẹ ó mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìpàdé lo ti rojọ́ mi. Pè wọ́n."

Déọlá jáde, ó kan ilẹ̀kùn Ganiyat, ó kan ti Rewájú àti ti àwọn yòókù. Wọ́n dúró yí i ká, ọmọ wà lápá rẹ̀. Ilẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ó ní èéfín tí ẹ̀rọ òun ń gbọ́ kì í ṣe ti Màmá, ti òun ni, ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀.

"Kí lo wí?" Rewájú béèrè.

Màmá Zinsu, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ló dáhùn.

"Sọ ọ́ sókè, Ìyá Tiwa. Tìjọ́sí, gbogbo wa la gbọ́ ọ."

Déọlá gbójú sókè, ó sì tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀.