Ọ̀rọ̀ Tó Lé Ìyàwó Bíríkìlà Jáde

Ọdún méjìdínlógún ni Màmá Ògbufọ̀ ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fáwọn aláìsàn nílé ìwòsàn ńlá kan. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ta kókó, òun ni wọ́n ń sáré wá. Àfi ìgbà tí wọ́n gba ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún síṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ò pé táwọn nọ́ọ̀sì fi sọ ọ́ ní Ahọ́n Oyin. Màmá ń gbọ́ ọ, ó ń ta á bí ìgbà tí wọ́n da iyọ̀ sójú egbò.

Ìpàdé ọjọ́ Ajé kan ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ọ̀gá wọn bèèrè bó ṣe yẹ kí wọ́n máa túmọ̀ "unstable", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn dókítà. Màmá ò jẹ́ kó sọ tán.

"Kò dúró sójú kan. Ó parí."

Ahọ́n Oyin tẹ eékún díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an tún bí Màmá nínú. "Ẹ má bínú, Mà. Ojú ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀. Tó bá jẹ́ àga ni, a ó ní ó ń mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba. Tó bá jẹ́ iye ọjà, a ó ní ó ń lọ sókè sódò. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tó tún bú sẹ́kún lójú kan náà, ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀. Ṣùgbọ́n tí dókítà bá sọ ọ́ nípa aláìsàn, ara onítọ̀hún ni kò tíì fara rọ. Ìgbàkígbà ni nǹkan lè yí padà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá náà pàtẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé ìtumọ̀ ọmọ àná yẹn ò ní gba ẹnu òun jáde láéláé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé bíríkìlà kan dé, tó já bọ́ láti orí ilé alájà méjì. Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún bọ̀ lẹ́yìn. Dókítà ní ọkùnrin náà "unstable", pé àwọn ò tíì lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí ìyàwó má kúrò nítòsí, torí àwọn máa nílò kó tọwọ́ bọ̀wé.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ jẹ́ n lọ pe Ahọ́n Oyin."

"Ṣé èmi ti kú ni?" Màmá bọ́ síwájú. "Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Dókítà ní ọkọ yín ò dúró sójú kan."

Ẹkún obìnrin náà dá wáí. "Kí lẹ wí?"

"Ọkọ yín ni. Kò dúró sójú kan. Wọ́n wá ní kẹ́ ẹ..."

"Ẹn-ẹ́n! Dókítà náà ti mọ̀! Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sọ ọ́, táwọn ẹbí rẹ̀ ń pè mí ní òjòwú! Ta ló wá bẹ̀ ẹ́ wò níbí? Ṣé aránṣọ ẹ̀yìnkùlé wa ni?" Ó há báàgì rẹ̀ mọ́ abíyá. "Kí ẹni tí wọ́n jọ ń rìn wá tọ́jú rẹ̀!"

Ó bá ilẹ̀kùn jáde.

Dókítà yíjú sí Màmá. "Kí lẹ sọ fún un?"

Màmá wo ẹnu ọ̀nà. Ahọ́n Oyin ò jìnnà, yàrá kejì ló wà. Ṣùgbọ́n kí òun lọ bẹ ọmọ yẹn níṣojú dókítà? Ó káṣọ sókè, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó sáré. Ẹnu géètì ló ti bá obìnrin náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú ọkọ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ dúró! Kò sí obìnrin kankan ńbẹ̀! Èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kò dúró sójú kan."

Màmá wá ọ̀rọ̀ mìíràn nínú orí rẹ̀, kò rí. Ti ọmọbìnrin yẹn nìkan ló wà ńbẹ̀. Ó gbé ìbúra rẹ̀ mì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà. "Ara rẹ̀ ni kò tíì fara rọ. Ìgbàkígbà ni nǹkan lè yí padà. Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Yéè! Owú mi ì bá pa ọkọ mi."

Màmá fà á dìde. Wọ́n jọ sáré padà lọ bá dókítà.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà, ọkùnrin náà sì yè é. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ ń ròyìn fún gbogbo yàrá: "Màmá yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ! Ọ̀rọ̀ wọn ló dá mi padà!" Ahọ́n Oyin wà ńbẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Ìyìn náà dùn mọ́ Màmá títí dé egungun, àmọ́ kò lè gbé e jẹ.

"Ọmọ yìí ló ni ọ̀rọ̀ tó dá yín padà," ó wí. "Èyí tó lé yín jáde ni tèmi."

Aláìsàn náà la ojú kan. "Aránṣọ wo lẹ tiẹ̀ ń sọ?" Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Látìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro fún Màmá, á lọ jókòó ti Ahọ́n Oyin. Owú náà ò tán o. Ó ṣì máa ń dùn ún bí ọmọ náà ṣe ń dáhùn kíá, láìtiẹ̀ ronú. Ṣùgbọ́n ó máa ń kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.