Aṣọ Ìyá Súmbọ̀ Létí Omi

Ìyá mi sọ pé iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe tí kò mú nǹkan kan wá sílé, eré ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ ṣeré náà. Mo ti jáde ilé ìwé, iṣẹ́ ò sí, bí mo sì ṣe ń jókòó sílé wa ní Ifákọ̀ ti ń sú gbogbo wa. Báyìí ni mo ṣe yọ̀ǹda ara mi fún ẹgbẹ́ kan tó ń lọ sí Àgbóyì ní ìgbà òjò ọdún 2007, láti máa kó ìdọ̀tí kúrò létí omi, ká sì fi àpò iyanrìn mọ odi síbi tí odò ti ń jẹ ilẹ̀.

Àgbóyì kò jìnnà. Ọkọ̀ ojú omi là ń wọ̀ láti Kétu, ọ̀rọ̀ kì í sì í tíì tán lẹ́nu èèyàn tá a fi ń dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ló yí àwọn ará ibẹ̀ ká, ọdọọdún ló sì ń gé nínú ilẹ̀ wọn.

Ilé Bàbá Àmúsà ló wà ní ìkángun. Apẹja ni wọ́n, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, ọjọ́ orí sì ti dé. Láàárín ẹnu ọ̀nà wọn àti odò ni wọ́n sin ìyàwó wọn sí, Hàlímátù, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Súmbọ̀. Ibẹ̀ ni ìyá náà ti ń yan ẹja láyé, ibẹ̀ ló sì ní kí wọ́n sin òun sí. Nígbà yẹn, ibẹ̀ jìnnà sí omi. Nígbà tí àwa dé, èèyàn lè jókòó lẹ́bàá sàréè náà kó máa fọ ẹsẹ̀ nínú odò.

Láràárọ̀ ni Bàbá máa ń jáde síbẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá Súmbọ̀, ṣé o jí ire?" Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á wo omi, wọ́n á wọlé. Súmbọ̀, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tó ń ránṣọ ní Kétu, ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún un: "Bí ìyá ẹ bá lè tẹ̀ lé wa, ká máa lọ."

Uncle Bọ̀wálé, olórí ẹgbẹ́ wa, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àánú ṣe wọ́n. Wọ́n ní, "Bàbá, kí òjò yìí tó dá, odi á ti dúró síwájú Mummy. Mo promise yín." Inú bí mi. Ta ló ń bá èèyàn ṣèlérí lórí omi?

Àpò ló kù. Ọmọ àdúgbò ni wá, ibo la tún fẹ́ wá àpò lọ bí kò ṣe ọjà Mile 12? Àwọn alálùbọ́sà fún wa ní àpò tó kún inú ọkọ̀, a sì ń kọrin dé Àgbóyì. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rántí pé ihò ló kún ara àpò àlùbọ́sà. A rọ iyanrìn sínú àkọ́kọ́, a gbé e sókè, gbogbo ẹ̀ jò sí wa lẹ́sẹ̀.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ajẹ̀rẹ̀ lẹ fẹ́ fi pọnmi?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín wọn nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

A rí àpò ìrẹsì díẹ̀ lẹ́yìn náà. Bàbá fúnra wọn ló ní ká kó o lọ sí èbúté, níbi táwọn ọmọdé ti ń wọkọ̀ lọ sílé ìwé. Wọ́n ní òkú lè ní sùúrù. Ṣùgbọ́n odò kò ní in. Òjò ń rọ̀, omi ń ti òkè bọ̀, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó kan sàréè, Bàbá wọ inú yàrá, wọ́n gbé àpótí kan jáde.

Aṣọ Ìyá Súmbọ̀ ló wà nínú ẹ̀, ó ń rùn káńfọ̀, ó sì ń rùn èéfín ẹja díẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ fi tẹ́ inú àpò àlùbọ́sà yẹn. Iyanrìn ò ní jò mọ́."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Aṣọ ìyá, ti ọmọbìnrin rẹ̀ ni, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá ló ti bẹ Súmbọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn títí àwọn náà á fi lọ bá ìyá rẹ̀. Bàbá wá rán mi lọ sí Kétu pé kí n lọ pè é wá.

Súmbọ̀ dé, ó dúró síwájú àpótí náà. "Bàbá mi, ṣé ẹ ò lè kọ́kọ́ bi mí ni?"

"Mo ń bi ẹ́ báyìí."

"Tí mo bá wá ní rárá ńkọ́?"

Bàbá ti àpótí náà sún mọ́ ọn. Súmbọ̀ mú àdìrẹ aláró kan, ó fi í símú fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ abẹ́rẹ́ jáde nínú báàgì rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá kàn tẹ́ ẹ lásán, á yọ. Ẹ jẹ́ n rán an mọ́ ọn." Ó ń rán, ó ń sunkún, àwa ń rọ iyanrìn.

Odi náà dúró. Ó dúró dáadáa, kí n má parọ́, títí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ìlérí Uncle Bọ̀wálé lè ṣẹ. Bàbá tún ń ṣàwàdà. Wọ́n ní Ìyá Súmbọ̀ kì í wọkọ̀ lọ sí Kétu láìmú aṣọ ìpààrọ̀ dání, pé á ti máa bínú bí àwọn ṣe da ẹrẹ̀ sí àdìrẹ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, a ò lọ, ṣọ́ọ̀ṣì la wà, òjò sì rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tá a dé lọ́jọ́ Ajé, kò sí iwájú ilé mọ́. Odi ti lọ, sàréè ti lọ, omi ń kan ẹnu ọ̀nà. Bàbá jókòó síbẹ̀, Súmbọ̀ dì wọ́n lápá mú. Uncle Bọ̀wálé ò lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọkàn mi bà jẹ́ débi pé mi ò tiẹ̀ lè bínú sí wọn mọ́.

Mo rí àdìrẹ aláró yẹn. Ó ti já kúrò lára àpò, ó há sára koríko orí omi. Mo ki ẹsẹ̀ bọ omi láti lọ mú un.

"Keziah, fi í sílẹ̀," Bàbá ní.

"Bàbá, òun nìkan ló kù."

"Tiẹ̀ ni. Ṣé o fẹ́ kó rìnrìn àjò láìmú aṣọ ìpààrọ̀ ni?"

Mo fi í sílẹ̀. Omi tú koríko náà, ó sì gbé e lọ sọ́nà ọ̀sà pẹ̀lú aṣọ lára ẹ̀.

Ọjọ́ náà ni Bàbá gbà láti bá Súmbọ̀ lọ. Ọkọ̀ wa ni wọ́n wọ̀, wọn ò mú ẹrù kankan. Nígbà tá a dé àárín odò, wọ́n ní kí atukọ̀ dúró díẹ̀. Wọ́n wo omi bí wọ́n ṣe máa ń wò ó láràárọ̀.

"Ìyá Súmbọ̀," wọ́n ní, "ó dàárọ̀."

Ọ̀sán ni. Oòrùn sì ń ràn.