Ẹni Tó Fò Tí Kò Balẹ̀

Fún odindi ọdún mẹ́ta tí Ọláwọlé lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ṣàgámù, ará ilé rẹ̀ kankan kò wá a wá. Ó ń sáré bí ìgalà. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, ó ń fò sókè, ó ń fò jìnnà. Látìgbà tó ti dé, ilé ìwé mìíràn kò gba ife mọ́ ní gbogbo Rẹ́mọ. Afọláyan, tíṣà eré ìdárayá, ló ń kọ́ ọ. Afọláyan kò bímọ. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, kò sì fi ẹnu sọ ọ́.

Lọ́dún 1956, lẹ́tà dé láti òkè òkun. Yunifásítì kan fẹ́ gba Ọláwọlé lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ ṣáà ti fọwọ́ sí ìwé kí oṣù tó parí.

“Mi ò ní bàbá, sà.”

“Ẹbí ńkọ́?”

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi fọwọ́ sí i, sà.”

“Kí n purọ́ fún òyìnbó?”

Ọláwọlé wolẹ̀. “Tẹ́ ẹ bá wá ẹbí mi kàn, màá lọ ni, sà.”

Afọláyan kà á sí oríkunkun ọmọdé.

Lìádì, oníṣòwò obì ní àdúgbò Ofin, ní ọkọ̀ tó ń kó obì lọ sókè Ọya. Afọláyan mú un wá síbi tí wọ́n ti ń dánra wò. Lìádì kò wo eré. Ilà ojú ọmọ náà ló ń wò.

“Ọ̀nà Ọ̀fà ni wọ́n ti ń kọ irú èyí. Awakọ̀ mi lè béèrè.”

“Ẹ bá mi pe bàbá rẹ̀ wá.”

“Tíṣà, ẹni tó lóun ò nílé, a kì í bá a wá ilé.”

“Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìyẹn.”

“Àbí ọmọdé lẹ pè mí ni? Ó dáa. Obì mi ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì.”

Lọ́jọ́ ìdíje, ọkọ̀ obì dúró lẹ́bàá pápá. Arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀. Mọ́ṣúdù lorúkọ rẹ̀. Afọláyan kò tíì sọ fún Ọláwọlé pé òun ránṣẹ́ sílé rẹ̀. Ọmọ náà ti ń sáré bọ̀ láti fò jìnnà.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ pákó tí wọ́n ti ń gbéra. Ó fò. Lójú òfurufú ló yíjú.

“Ọláwọlé,” ni arúgbó náà pè.

Kò balẹ̀. Yanrìn tẹ́ pẹrẹsẹ bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Oòrùn ń ràn. Bẹ̀llò, tíṣà tó ń wọn fífò, di téèpù mú.

“Níbo ni kí n wọ̀n ọ́n dé?”

Àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń rọra kúrò ní pápá.

Mọ́ṣúdù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yanrìn.

“Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti sin ín,” ló wí. “Awakọ̀ ní ẹnìkan ń jẹ́ orúkọ ọmọ mi, ó sì kọ ilà wa. Mo ní kí n fojú ara mi rí i. Wọ́n máa ń ní ẹni tó kú láìtọ́jọ́ a máa lọ gbé ìlú mìíràn, títí ará ilé á fi rí i. Mi ò gbà á gbọ́.”

“Bóyá ẹlòmíràn ni, Bàbá. Eléyìí ń sáré.”

“Ọmọ mi ni. Láti ọmọ ọdún méje lẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Ẹ̀yìn ni mo fi ń pọ̀n ọ́n lọ sílé kéú.”

Afọláyan dọ̀bálẹ̀. Òun ló ránṣẹ́.

“Ẹ dárí jì mí, Bàbá.”

Arúgbó náà kò sọ pé òun dárí jì í. Ó ń wo pápá.

“Ṣé ó yára?”

“Kò sẹ́ni tó lé e bá rí.”

“Ẹ jókòó, Tíṣà. Ẹ sọ ọ́ fún mi. Látọjọ́ tó dé.”

Afọláyan jókòó. Orí bọ́ọ̀lù ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan kíríkẹ́ẹ̀tì, Mọ́ṣúdù béèrè irú eré tí ìyẹn jẹ́. Afọláyan he igi kan nílẹ̀, ó dìde, ó sì ń ṣe é bí Ọláwọlé ti í ṣe é.