Ẹsẹ̀ Odi

"Sẹ̀kínátù, ṣé ìyá rẹ ti yadi ni?" Mustaqeem, tó ń bójú tó àwọn arìnrìn-àjò Ìlọrin, ń pariwo lórí fóònù. "Àwọn tó rí wọn nítòsí Hárámù sọ pé gbogbo ohun tí àwọn bi wọ́n, 'odi' nìkan ni wọ́n ń wí. Odi wo ló ń sọ̀rọ̀? Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú Jídà ò ní kọjá aago mẹ́rin o!"

Sẹ̀kínátù ju aṣọ tó ń fọ̀ sílẹ̀. Kò ní ìkámà, ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ó ti pẹ́ tó ti ń yẹra fún àwọn ọlọ́pàá Hárámù. Ó wọ takisí.

Ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ wá ṣe Háájì, odi àtijọ́ kan wà lórí òkè tó kọjú sí mọ́sálásí Hárámù. Ìyá rẹ̀ nawọ́ sí i: "Bí a bá ṣìnà mọ́ra wa lọ́wọ́, ẹsẹ̀ odi ni ká ti pàdé."

Sẹ̀kínátù kò ṣìnà. Iṣẹ́ ló fẹ́ dúró ṣe. Àdúgbò Jáwálì ló sá pamọ́ sí títí bàálù fi gbé ìyá rẹ̀ lọ, ó wá sọ fún un lórí fóònù pé òun wá odi títí, òun ò rí i. Kí Háájì mìíràn tó dé, wọ́n ti wó odi náà, wọ́n sì gé òkè rẹ̀ kanlẹ̀.

Ilé ìtura ló wà níbẹ̀ báyìí. Àlàájà, ìyá rẹ̀, jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, báàgì lórí itan.

"Ìyá mi, ẹ dìde. Bọ́ọ̀sì fẹ́ lọ."

"Mo ní kí wọ́n fi òkè hàn mí, ìdí lífíìtì ni wọ́n ń mú mi lọ."

"Ta lẹ ń dúró dè?"

"Ọmọ mi. Wọ́n ní ó sọnù. Kò sọnù. Mo rí i nígbà tó ń yà sí ọ̀nà Jáwálì, mi ò pè é. Mo ní bó bá rò ó dáadáa, á wá."

Sẹ̀kínátù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Èmi rèé. Mo ti wá."

Àlàájà wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ṣeun, ọmọ ọlọ́mọ. Bá mi wò ó bóyá ó ń bọ̀."

Fóònù ń dún. Sẹ̀kínátù jókòó ti ìyá rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà Jáwálì, ó ń wò.