Òdòdó Inú Àpótí Dígí

"Wọ́n ní òun ló... lójú mọmọ o... ó sì pe nǹkan lé e lórí..."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ káàkiri Àjàrá nìyẹn, pé Ìyá àgbà mi, Sẹ̀gilọlá, ló ṣẹ́ èpè fún ọ̀sà. Ewé olódòdó ti bo omi lóòótọ́. Ọkọ̀ ò rí ọ̀nà kọjá mọ́.

Nígbà tí baálẹ̀ pè wá, Mautin apẹja ní, "Ẹ lé àjẹ́ yìí kúrò nílùú! Àbí òdòdó la ó máa fi jẹ ẹ̀bà?"

Èmi tí n kì í lanu láàárín àgbà ni mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun dá Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣẹ̀yẹ, ayálégbé wa, dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó ń kó ẹrù padà sí Èkìtì. Ẹja inú àpótí dígí rẹ̀ ti kú, ó ku òdòdó kan ṣoṣo lórí omi. Ó bẹ Ìyá àgbà pé kí wọ́n má jẹ́ kó kú. Wọ́n ṣe bí ojú oró ni, wọ́n gbé e sínú ọ̀sà. Òun ló wá gbilẹ̀ bo omi yìí."

Baálẹ̀ bi mí pé, "Kí ni ìyá àgbà rẹ wí lórí rẹ̀?"



"Wọ́n yíjú sí ọkùnrin náà, wọ́n ní, 'Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Bí èyí ṣe ń lékè omi, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà á máa lékè.'"