Ọ̀gá Tí Kì Í Wo Àwọ̀

Ọ̀gá Whitlock, tó fẹ́ gbé eré olórin àtijọ́ kan padà sórí ìtàgé ní New York, fọwọ́ sọ̀yà lójú gbogbo wa: “Èmi kì í wo àwọ̀ o! Ohùn nìkan ni mo fi ń yan òṣèré.”

Ẹni ire! Nínú òṣèré méjìlélógún tó yàn, adúláwọ̀ méjì péré ni ohùn wọn yege: èmi Odessa kúkúrú, àti Marlene tó ga bí òpó iná. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí a ti ń dánra wò, gbogbo rẹ̀ sú Marlene, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí eré bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá gbé òdòdó fún mi. “Marlene, o káre! Odessa dà?”

“Ó wà nítòsí, sà.”

Kò pẹ́ ló tún pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé òdòdó mìíràn lé mi lọ́wọ́, ó lejú: “Odessa, ibo lo wà? Marlene ti gba tiẹ̀ tipẹ́!”