Àga Pupa Ardis Tollefson

Kí Wendell Tollefson tó dé etí adágún, ó ti sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ ní ìgbà mẹ́tàdínlógún nínú ọkọ̀, ó sì ti jàre ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún. Ìyá ọ̀hún ni kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. "Mọ́mì, ẹ ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Dádì ti lọ. Ẹ̀yin nìkan nínú ọkọ̀ tí ẹ fi ṣe ilé, láàárín aṣálẹ̀, tó jẹ́ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni aládùúgbò yín. Bí ẹ bá ṣubú, ta ló máa mọ̀?" Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò sọ èyí tó le: pé òun ti rí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà, pé aago méjì ọ̀sán òní lẹni náà ń bọ̀ wá wò ó, àti pé yàrá kan ti ń dúró de ìyá nínú ilé àwọn àgbàlagbà ní Phoenix.

Ọ̀sán ló sọ pé òun máa dé. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló dé, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò jẹ́ kó lè sùn. Ó kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ ìyá, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí i. Inú ọkọ̀ mọ́ tónítóní bí ilé ẹni tó ń retí ọlọ́pàá. Wọ́n ti fọ abọ́, wọ́n ti to bàtà tí ìyá fi ń gun òkè lẹ́sẹẹsẹ. Àní àga pupa tó máa ń wà níta, wọ́n ti ká a, wọ́n fi ti ara ibùsùn. Wendell rò pé ìyá lọ wẹ̀ ní ilé ìwẹ̀ ibùdó tí ọkọ̀ náà wà. Ó ní kóun rọra fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Oòrùn yọ, ó gba ojú fèrèsé wọlé, Wendell wọ́ kúbùsù bo orí, oorun sì gbé e lọ.

Orúnkún ló jí i. Orúnkún ọkùnrin ńlá kan, láyà rẹ̀.

"Ẹ sún sẹ́yìn! Ẹ jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́!"

"Delbert, sọ̀ kalẹ̀ lára ẹ̀! Ìwọ gan-an lo jókòó lé afẹ́fẹ́ ẹ̀!"

Obìnrin kan fa kúbùsù náà kúrò lójú rẹ̀ fààà. Ó wò ó. Ó tún un wò.

"Yéè!" ni obìnrin náà ké. "Ardis ti hu irùngbọ̀n!"

Delbert, tó ti ṣe iṣẹ́ panápaná fún ọgbọ̀n ọdún tó sì jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, gbé orúnkún rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. "Ta nìyí?"

"Wendell. Ọmọ ẹ̀ ni mí."

"Kí lo ń ṣe lórí ibùsùn ìyá ẹ?"

"Mò ń sùn ni!"

"O fẹ́rẹ̀ẹ́ kú o."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!"

Wendell wo ẹnu ilẹ̀kùn. Ó tó ènìyàn mọ́kànlá tó dúró síbẹ̀. Ọ̀kan gbé àáké. Ọ̀kan ró táwẹ́ẹ̀lì, ìfófò ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀ méjèèjì.

"Àga ẹ̀ ò sí níta," ni obìnrin náà sọ. Lupe lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń di ọwọ́ Wendell mú láti ka ìlù ọkàn rẹ̀, bóyá ó fẹ́ bóyá ó kọ̀. "Gbogbo ẹni tó ń dá gbé níbí ló gbọ́dọ̀ gbé àga pupa ẹ̀ síta kí aago méje tó lù. Ìyẹn la fi ń mọ̀ pé onítọ̀hún jí ire. Tí a ò bá rí àga, a máa kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan."

"A kì í kàn án lẹ́ẹ̀mejì," ni Delbert fi kún un.

"Ọdún mẹ́fà nìyí, Ardis ò gbàgbé rí," ni Lupe sọ.

Wendell wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ojú sì tì í. Ìyá rẹ̀ kò gbàgbé. Ó ti kó gbogbo nǹkan tó wà níta wọlé ni, kí ọmọ rẹ̀ má baà rí ohun tó máa fi dá a lẹ́jọ́.

"Kí ló gbé ẹ dé láàárọ̀ kùtù báyìí?" ni Lupe bi í.

"Ẹnì kan ń bọ̀ wá ra ọkọ̀ yìí. Aago méjì."

Ẹni tó dé fìlà níbẹ̀ ṣí fìlà rẹ̀.

"Ó dáa," ni Delbert sọ. "Àmọ́ tí ìwọ bá wà lórí ibùsùn Ardis, Ardis wá dà?"

Kẹ̀kẹ́ ìyá kò sí lẹ́yìn ọkọ̀. Gbogbo wọn tú ká. Lupe gba ọ̀nà òkè lọ, níbi téèyàn ti lè rí gbogbo etí omi. Delbert wa ọkọ̀ rẹ̀ gba títì. Wendell ní òun á gba ọ̀nà tó yí adágún ká. Wọ́n yá a ní kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ osùn kan tó ní apẹ̀rẹ̀ níwájú.

"Gba omi dání," ni ọkùnrin tó ró táwẹ́ẹ̀lì sọ fún un.

"Kò jìnnà."

Ọkùnrin náà wo bàtà ọ́fíìsì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì mi orí.

Máìlì méjì péré ni. Nígbà tí yóò fi di wákàtí kan, ẹ̀gún ti gún táyà méjèèjì, ahọ́n Wendell ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, ó sì ti jókòó sábẹ́ igi kékeré kan tí òjìji rẹ̀ kò ju ojú abọ́ lọ. Omi adágún ń dán lọ́ọ̀ọ́kán nísàlẹ̀ àpáta, kò sí ọ̀nà tó lè gbà sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀. Ó ń ronú pé bóun bá kú síbí, ta ló máa mọ̀, ni aago kẹ̀kẹ́ bá dún: kírín-kírín!

Ìyá rẹ̀ ló dé, lórí kẹ̀kẹ́, àpò lẹ́yìn, ẹyin àti mílíìkì kíkan níwájú.

"Wendell? Ṣé kì í ṣe ọ̀sán lo ní o máa dé?"

"Mò ń... wá yín."

"O ti rí mi. Gba, mu omi. Rọra! Ìwọ kì í ṣe ràkúnmí." Ìyá wo ilẹ̀. "Pankéèkì tó o fẹ́ràn ni mo fẹ́ ṣe, ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù etí omi. Mo rò pé màá ti dé kí aago méje tó lù, àmọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan dí ọ̀nà mọ́ mi nígbà tí mò ń bọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo dúró títí ọmọ náà fi lè dìde."

Ó ti dojú kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ osùn délẹ̀, ó ti ń yọ ẹ̀gún lára táyà, ó ń lẹ ihò pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wendell mọ̀ pé bí òun ò bá sọ ọ́ báyìí, òun ò ní sọ ọ́ mọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀, aago méjì, yàrá tó wà ní Phoenix. Ọwọ́ ìyá dúró lórí táyà. Kò gbójú sókè.

"Ṣé ó ní fèrèsé?"

"Kí ni?"

"Yàrá ọ̀hún."

"Mọ́mì, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí ẹ bá ṣubú níbí, ta ló máa..."

"MO TI RÍ WỌN!" Ohùn Lupe bú láti orí òkè bí ẹni pé àpáta ló sọ̀rọ̀. "ÀWỌN MÉJÈÈJÌ WÀ LÁÀYÈ! ÌYÁ Ń TÚN KẸ̀KẸ́ ṢE! ỌMỌ LÓ ṢUBÚ!"

Lọ́ọ̀ọ́kán, fèrè ọkọ̀ Delbert dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyá gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú.

"Wendell," ló sọ nígbà tó mí tán, "láti ìgbà tí Marcy ìyàwó rẹ ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ta ló ti kan ilẹ̀kùn rẹ?"

Wendell ronú. Ó rántí ìgbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, tó jẹ́ pé ẹni tó ń gbé pizza kiri nìkan ló rí ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó bá a di táyà mú.

Nígbà tí wọ́n gun òkè dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, Wendell pe ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀. "Ẹ má bínú," ló sọ. "Ọkọ̀ náà ò sí fún títà mọ́. Onílé ṣì ń gbé inú ẹ̀."

Orí àga gígùn iwájú ọkọ̀ ló sùn lọ́jọ́ náà, pankéèkì méje nínú ikùn. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ta jí. Ìyá ṣì ń hanrun. Àga ńkọ́! Ó fò dìde, ó fẹsẹ̀ kọ tábìlì, ó gbé àga pupa, ó sáré síta láìwọ ṣòkòtò, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Delbert ti wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó ti dé àkẹtẹ̀ panápaná rẹ̀. Ó wo àga. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Mo sì ti múra," ló sọ.

Ó yí padà lọ. Kò pẹ́ tó fi tún dé, àga pupa mìíràn lábẹ́ abíyá rẹ̀, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ti wọ́. Ó jù ú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní.

"Ìwọ náà ń dá gbé, àbí?" ló sọ. "Aago méje o. A kì í kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Lọ wọ ṣòkòtò."